Ọkùnrin Tó Ń Dúpẹ́ Lórí Bẹ́ǹṣì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ní àga kó gbé e wá, ẹni tí kò bá ní kó jókòó sórí ẹní, ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro kó nà án síwájú, mi ò ní bínú, èmi náà ti na tèmi. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn iṣẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì niṣẹ́ máa ń rẹ ènìyàn: nígbà tó bá ń ṣe é, àti nígbà tó bá ń ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé mo rí yín. Ẹ bá mi gbé tíì yẹn wá, kí n fi tu ọ̀nà ọ̀fun.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi nulẹ̀ ní yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà fún ẹni tí wọ́n gbé wá, èkejì fún ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Èmi ni mo ni ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń rìn. Bí ẹ bá wọlé, tábìlì kan lẹ máa kọ́kọ́ rí, nọ́ọ̀sì kan jókòó sídìí rẹ̀, bẹ́ǹṣì gbọọrọ mẹ́rin sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ìdí ènìyàn ti họ ọ̀dà ara wọn tán. Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, màá nulẹ̀ dé ògiri. Kí n tó dé ògiri, ẹsẹ̀ tuntun ti ba ẹnu ọ̀nà jẹ́. Màá padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń padà fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo ní orin tí mo máa ń kọ sí i:

Mo nù ún, ẹ tẹ̀ ẹ́,
Ẹ tẹ̀ ẹ́, mo nù ún,
Ẹsẹ̀ tó bá rìn wọlé
Kó tún rìn jáde o.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Olórin. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì, Nọ́ọ̀sì Ẹnu-ọ̀nà là ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wo ẹni tó bá wọlé, kó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, kó sì fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tó bá gba káàdì pupa, wọ́n á gbé e wọlé bí ẹni gbé ẹyin. Ẹni tó bá gba aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n á pè é láìpẹ́. Ẹni tó bá gba aláwọ̀ ewé, kó fọwọ́ lẹ́rán, bẹ́ǹṣì ti gbà á lọ́mọ nìyẹn.

Ẹni méjì ló yẹ kó wà nídìí tábìlì náà. Èkejì ti lọ bímọ, wọn ò sì rán ẹnikẹ́ni wá rọ́pò rẹ̀. Oṣù kẹta rèé tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Bí mo bá ń nu abẹ́ tábìlì rẹ̀, mo máa ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀: ó ti bọ́ bàtà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó ti mu omi. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, búrẹ́dì gan-an wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ti bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, àpá eyín rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó ti gbẹ. Òjò ń rọ̀ láti ìdájí, òtútù mú, gbogbo ènìyàn ń wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo wọn, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé: "Ẹ káàbọ̀, ṣé dáadáa ni?"

Mẹkáníìkì kan wọlé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló já lé e lọ́wọ́. Igbe tó ń ké, ẹni tó wà lórí òkè ló lè gbọ́ ọ.

"Mo kú o! Ìka mi ti lọ o!"

"Ìka wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí!"

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi mọ́!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì Ẹnu-ọ̀nà ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ti tán lára rẹ̀ láti ìgbà tí èkejì rẹ̀ ti lọ bímọ. Ó fi aláwọ̀ ìyeyè kọ́ mẹkáníìkì lọ́rùn, ó ní kó jókòó síwájú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ mi wọlé.

Bàbá wọn ni mo máa ń pè é. Káfíńtà ni, ẹ̀yìn ògiri ilé ìwòsàn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bó bá ti palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, ó máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì dè mí kí a jọ máa lọ sílé. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọ̀sán ló dé, ó sì tò sídìí tábìlì bí àwọn yòókù. Ẹ̀yìn ni mo wà, mò ń da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì nù, mi ò rí i. Mẹkáníìkì ló padà ròyìn fún mi bó ṣe lọ.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mà kú ìnira òjò yìí o."

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Kò tó nǹkan. Àyà ló kàn ń fún mi díẹ̀. Mo gbé pákó láàárọ̀, bóyá òun ni. A dúpẹ́."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé pákó ni bàbá gbé, ó rẹ̀ ẹ́. Ó fi aláwọ̀ ewé kọ́ ọ lọ́rùn.

"Ẹ jókòó, bàbá, wọ́n á pè yín."

"Ẹ má dààmú nítorí tèmi. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń jẹ̀rora ṣáájú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ẹ rí ìwà wa? Ilé ẹni lè máa jó, bí aládùúgbò bá yọjú pé "ṣé dáadáa lẹ jí?", a óò kọ́kọ́ ní "a dúpẹ́" kí a tó ní "ẹ gbà wá o!" Bàbá wọn wá ju gbogbo wa lọ. Lọ́jọ́ tí ayùn gé orí ìka rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò wálé, ó bèèrè ohun tí a fẹ́ jẹ, ó jókòó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sórí ẹní ló tú àṣírí rẹ̀.

Nígbà tí mo fi gbé mọ́ọ̀pù jáde, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta, agboòrùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ti káàdì bọnú ẹ̀wù, mi ò rí i. Inú mi dùn.

"Bàbá wọn! Ẹ mà tètè dé."

"Òjò ni. Ta ló fẹ́ ra àga nínú òjò?"

"Ṣé kò sí o?"

"A dúpẹ́. Máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ." Mo ti ń lọ nígbà tó ní, "Olórin, kọrin fún mi."

Ó yẹ kí n ti fura. Ogójì ọdún tí mo ti wà nílé rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé orin mi ló ń pa aláìsàn, kì í ṣe àìsàn. Kò bẹ̀ mí kí n kọrin rí. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa bẹ̀ pé kó kọrin tó máa fura? Mo gbé e sókè:

Káfíńtà, káfíńtà,
Ta ló kan àga tó ń dún?
Kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìwọ,
Ìdí tó jókòó ló wúwo!

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ìyá olọ́mọ kan tiẹ̀ bá mi gbè é. Mo ń nulẹ̀ lọ, mò ń wí pé "ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀," wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Bàbá wọn gbé ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó gbé èkejì. Omi díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, mo nù ún, mo rò pé òjò ni. Mo dé ògiri, mo padà.

Nígbà tí mo tún dé bẹ́ǹṣì kẹta, omi ti tún wà níbẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni, ó ń kán, tó, tó. Mo wo agboòrùn, ó ti gbẹ. Mo wo ṣòkòtò rẹ̀, gbígbẹ ni. Mo gbójú sókè. Àgbọ̀n rẹ̀ ni omi náà ti ń kán.

Mo fọwọ́ kàn án níwájú orí. Ó tutù bí ìkòkò àmù.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń làágùn sí nínú òtútù yìí?"

"Kò tó nǹkan." Ó mí, ó dúró, ó tún mí. "Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ó rẹ̀ ẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí ti gbé igi òrùlé lórí, ó ti fi àárọ̀ kan ilẹ̀kùn, fi alẹ́ kan pósí, mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ pé ó rẹ òun. Mo fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, mo rí káàdì. Àwọ̀ ewé.

Mo fi mọ́ọ̀pù sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Ẹnu-ọ̀nà.

"Ọmọ mi, dìde wá wo ọkọ mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Kò gbójú sókè. "Ẹni mẹ́tàdínlógún ló wà níwájú mi."

"Ó ń làágùn, ara rẹ̀ tutù."

"Àwọ̀ ewé ni mo fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi pé dáadáa ni."

"Ọkọ tèmi? Bó bá wà nínú ibojì tí o bi í, dáadáa náà ni yóò wí!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó wé ìborùn dìde lórí bẹ́ǹṣì kejì. "Kò burú! Torí pé ó jẹ́ ọkọ agbálẹ̀ ló ṣe máa fò wá kọjá? Láti ìdájí ni mo ti wà ńbí."

"Ìwọ náà lọ fẹ́ agbálẹ̀," mẹkáníìkì dá a lóhùn. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ lọ wo bàbá, àǹtí. Èmi tí mò ń pariwo yìí, ẹni tó lè pariwo ò tíì kú. Bàbá yẹn ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, kì í ṣe ti ìbínú, ti àìsùn ni. Mo mọ ohun tó ń rò. Bó bá dìde, tí kò bá sí nǹkan kan, gbogbo bẹ́ǹṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé ojúsàájú ló ń ṣe. Bó bá jókòó... Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì kó tó lè dìde.

Ó dé iwájú Bàbá wọn. Ó la ẹnu: "Bàbá, ṣé dáa..." Ó gbé ìbéèrè náà mì. Ó mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo aago tó so mọ́ àyà, ètè rẹ̀ ń kà. Ó kà á tán, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí n kò gbọ́ kí nọ́ọ̀sì kankan bèèrè rí.

"Bàbá, láti ṣọ́ọ̀bù yín dé ibí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dúró sinmi lọ́nà?"

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ẹ lè bi í bí ara ṣe rí, á purọ́ fún yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn pákó, kì í purọ́ lórí iye. Ó ronú.

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún."

"Láná ńkọ́?"

"Láná? N kò dúró."

"Apá òsì yín ńkọ́?"

"Ó wúwo. Láti àárọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì já káàdì àwọ̀ ewé kúrò lọ́rùn rẹ̀, kò tiẹ̀ dúró mú pupa. "Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì wá! Kíákíá!" Ọmọbìnrin tí kò lè gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ló sáré ṣáájú bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn wọn. Mo wá kù sí ìta bí mọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ti ògiri.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo nulẹ̀. Àwọn ènìyàn ní kí n jókòó, mo ní bí mo bá jókòó mi ò ní dìde mọ́. Obìnrin oníborùn yẹn kò lè wojú mi. Ó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi gbé e kiri. Mo nu ibi tó mọ́, mo tún un nù. Orin tí mo kọ, mi ò la ẹnu kọ ọ́:

Ọkàn, má tíì ṣíwọ́,
Ilẹ̀ ò tíì ṣú.
Agbálẹ̀ ò tíì gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀,
Ìwọ náà má tíì ṣíwọ́.

Dọ́kítà jáde. Ó mú bébà gígùn kan dání, ẹ̀rọ ló ya bí ọkàn Bàbá wọn ṣe ń lù sórí rẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ọ̀nà tí àgbàrá ti wọ́. Ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn ló dí. Wọ́n ti fún un ní oògùn jẹ, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú.

"Màmá, ká ní ó tún jókòó síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí..." Kò parí rẹ̀.

"Ṣé yóò yè é?"

"Ó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó."

Ọjọ́ mẹ́ta! Ẹni tó bá sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ò pọ̀, kò tíì kà á lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mò ń lọ yọjú, ó ń sùn, okùn ẹ̀rọ wà lára rẹ̀ bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejì yẹn ni mo bá Nọ́ọ̀sì Ẹnu-ọ̀nà nínú yàrá tí mò ń kó ọṣẹ sí. Ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń sunkún láìpariwo, bí ẹni tí kò ní agbára ariwo.

"Ìwé ni mo ń wò, Màmá. Mi ò wo ojú wọn."

"Fun imú rẹ, nù ún. Ìwọ lo fún un ní káàdì, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀."

"Ẹ̀rù tábìlì yẹn ń bà mí. Mo ń ronú pé mélòó ló ti jókòó síbẹ̀ tó ń dúpẹ́, tí mi ò mọ̀."

Mo jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, a jọ wo ọṣẹ.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì pe ìpàdé lọ́jọ́ kẹta. Obìnrin gíga ni, ó gbé ìwé ńlá dání, gbogbo ènìyàn rò pé ẹni tí yóò lé lọ ló ń wá. Ó ní kí n wọlé, èmi agbálẹ̀.

"Màmá, kí lẹ rí lọ́jọ́ yẹn tí àwa ò rí?"

"Omi ni mo rí, ọ̀gá. Àwa tí à ń nulẹ̀, abẹ́ ènìyàn là ń wò. Mo máa ń mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ bàtà mọ́, ẹni tó ń làágùn, ẹni tó ti tọ̀ sára tí kò lè sọ. Ẹ ò bi mí rí ni."

Ó wò mí títí. Ó wo Nọ́ọ̀sì Ẹnu-ọ̀nà. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ ní ìbéèrè yẹn, pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n dúró lọ́nà?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Bí mo bá ti béèrè àlàáfíà, àlàáfíà náà ni aláìsàn máa fún mi."

Ọ̀gá pa ìwé dé, kò lé ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, a kì í bi ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì pé ṣé dáadáa ni. A ń kí wọn tán, lẹ́yìn náà a bi wọ́n ní ohun tó ní iye: àtẹ̀gùn mélòó lẹ gùn lónìí, ṣíbí oúnjẹ mélòó ló wọlé, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dìde lóru. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ bínú, ó ní ṣé ọlọ́pàá ni nọ́ọ̀sì tó fi ń ka oúnjẹ òun. Wọ́n tún ní kí ẹnìkan máa rìn yí bẹ́ǹṣì ká ní gbogbo ìdajì wákàtí, kó di ọwọ́ olúkúlùkù mú, kó wo ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé ló wọ̀. Agbálẹ̀ tó bá sì rí nǹkan, kó sọ, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dìde. Ní ti ẹnì kejì tó yẹ kó wà nídìí tábìlì, lẹ́tà mẹ́rin ni ọ̀gá kọ kí wọ́n tó rán an wá. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yẹn ṣì ń wú títí dìgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n ní kí Bàbá wọn máa lọ sílé. Mo ti dáná láti ìdájí, mo se ìrẹsì ìkòkò ńlá kan, ọbẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ẹran rẹ̀ pọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí àwọn tàárọ̀ ń lọ tí àwọn tọ̀sán ń dé ni, yàrá ẹ̀yìn kún fọ́fọ́. Mẹkáníìkì wá pààrọ̀ báńdéèjì, ó gbóòórùn, ó wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ọwọ́ òsì ló fi ń mú ṣíbí, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, kò sì dáwọ́ jíjẹ dúró.

Mo bu ti Bàbá wọn lọ́tọ̀, èyí tí dọ́kítà ní kò gbọdọ̀ níyọ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó dá ṣíbí dúró.

"Olórin, kí ni èyí?"

"Oúnjẹ yín ni."

"Kò dùn." Gbogbo yàrá yíjú sí i. "Kò dùn rárá. Ibi tí wọ́n gún mi náà ṣì ń dùn mí. Àga yìí ò sì dára, ta ló kàn án?"

Nọ́ọ̀sì Ẹnu-ọ̀nà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì pẹ̀lú gbé ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin yìí ṣàròyé! Ó ṣàròyé lójú gbogbo ayé! Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Nọ́ọ̀sì jẹ abọ́ méjì, ó fi ìka nu abọ́, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga, ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀ kí òun tó máa lọ. A kò jí i. Mẹkáníìkì gbé ẹrù wa, èmi di apá ọkọ mi mú, a ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn. Kálukú ń lọ sílé rẹ̀, ikùn kún, ẹsẹ̀ wúwo, inú dùn.

Ó rẹ èmi náà. Ìrẹsì wà lórí iná níbẹ̀ yẹn, èyí tó níyọ̀ ni o. Ẹ dìde, ẹ lọ bù ú, ẹni tí kò bá tíì yó kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà mi.